Ìpalẹ̀mọ́ Igi àti Búrọ́ọ̀ṣì fún Fáníṣì

Ìpalẹ̀mọ́ ni iṣẹ́ tí káfíńtà ń ṣe kí fáníṣì tó kan igi. Òun ló ń sọ bóyá ojú igi yóò jọ̀lọ̀ tàbí yóò rí págunpàgun.

Sáńpépà ló ń ṣáájú. Wọ́n á fi èyí tó le, bíi nọ́ńbà 80, bẹ̀rẹ̀. 120 á tẹ̀lé e, 180 tàbí 220 á sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ìlà ara igi ni wọ́n ń tọ̀, torí bí sáńpépà bá dábùú rẹ̀, fáníṣì yóò tú àṣírí gbogbo ibi tó ha. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á nu lẹ́búlẹ́bú kúrò. Igi tíìkì ní epo lára. Aṣọ tí wọ́n fi tínà rin ni wọ́n fi ń nù ún kí fáníṣì lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ bá fáníṣì elépo mu, àmọ́ omi máa ń sọ irun náà di jọ̀bọ̀. Oníráìlọ́nù ló yẹ ọ̀dà olómi. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá jẹ́ tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ fa irun tó ti tú yọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́, tínà ló ń fọ fáníṣì elépo kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, omi àti ọṣẹ ló ń fọ ọ̀dà olómi. Ìdí irun, níbi tí páànù ti gbá a mú, ni wọ́n ń fọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ń gan sí.