Ìdádúró Ni àbí Ìfagilé? Bí Ẹ̀tọ́ Èrò Ọkọ̀ Òfurufú Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ojoojúmọ́ kọ́ ni bàálù ń gbéra lákòókò ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Èrò á jókòó, wọn á fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó bá yá, wọn á gbọ́ lórí gbohùngbohùn pé bàálù yóò pẹ́, tàbí pé wọ́n ti fagi lé ìrìn-àjò náà. Lójú ọ̀pọ̀ èrò, ìyà kan náà ni méjèèjì. Lójú òfin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, owó sì wà nínú ìyàtọ̀ wọn.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1929 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn-àjò òfurufú ní ìlú Warsaw, ní ilẹ̀ Poland. Abala 19 àdéhùn náà sọ pé ọrùn ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó èrò ni àdánù tí ìdádúró bá fà yóò wà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ iye wákàtí tí a ó kà kí a tó pè é ní ìdádúró. Èrò ní láti fi ẹ̀rí hàn níwájú adájọ́ pé òun pàdánù nǹkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà kò sùn: wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ara àdéhùn. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tó wá rọ́pò ti Warsaw, tún sọ ọ̀rọ̀ ìdádúró yìí ní Abala 19 tirẹ̀, kò sì dárúkọ wákàtí kankan.

Ní Amẹ́ríkà, ohun mìíràn ló dá ìjà sílẹ̀, èyíinì ni títa ìjókòó kan fún ènìyàn méjì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Ralph Nader, agbẹjọ́rò tó ń jà fún àwọn oníbàárà, fẹ́ wọ bàálù Allegheny Airlines láti Washington lọ sí Hartford, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyè kò sí fún un. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí pé wọn kò jẹ́ kí èrò mọ̀ pé àṣà wọn ni láti ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye ìjókòó lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò fínnúfíndọ̀ gba owó, kí ó sì fi ìjókòó sílẹ̀, kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá fi iye lé ìyà náà. Òfin 261 ti ọdún 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2005, ya owó gbà-máà-bínú sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó: 250, 400 tàbí 600 owó Yúrò. Àmọ́, ìfagilé ni wọ́n kọ owó yìí sí lára. Oúnjẹ, ìpè tẹlifóònù àti ibùsùn ni ti ẹni tí bàálù rẹ̀ bá kàn pẹ́, àti owó tíkẹ́ẹ̀tì bí ó bá kọjá wákàtí márùn-ún. Kí ni ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n yóò ṣe? Yóò pe ìfagilé ní ìdádúró.

Ohun tí àríyànjiyàn dá lé lórí gan-an nìyẹn nínú ẹjọ́ Sturgeon. Ní oṣù Keje ọdún 2005, ìdílé kan ń bọ̀ láti Toronto sí Frankfurt nínú bàálù Condor. Pátákó ìfilọ̀ sọ pé wọ́n ti fagi lé e. Wọ́n kó ẹrù wọn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún wọn ní ìjókòó mìíràn nínú bàálù tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, wọ́n sì gúnlẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí 25. Condor fárígá pé ìdádúró lásán ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù gbà pé ìdádúró ni lóòótọ́, bó ti wù kí ó pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá pàdánù wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò gba owó kan náà bí ẹni tí wọ́n fagi lé ìrìn-àjò rẹ̀. Ní tèmi, ìdájọ́ tó gbọ́n jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í ṣe àwáwí tó tó lásán, nítorí pé àtúnṣe ẹ̀rọ wà lára iṣẹ́ oníbàálù.

Ìlú Ọba kúrò nínú àjọ Yúróòpù, kò ju òfin náà nù. Ẹni tó wọ bàálù ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó lè gba 520 pọ́n-ùn bí ó bá fi wákàtí mẹ́rin pẹ́ dé láìsí ìdí tó kọjá agbára oníbàálù, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ló gbé e. Bí ó bá fi bàálù Nàìjíríà yẹn kan náà padà láti Èkó, òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Kí ló wà nílẹ̀ fún un níhìn-ín? Òfin ọdún 2006 ti sọ àdéhùn Montreal di òfin ilẹ̀ wa, títí kan ìrìn-àjò abẹ́lé. Apá 19 ìlànà NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú, sì sọ ohun tó yẹ fún èrò. Nínú ìrìn-àjò abẹ́lé, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí bàálù fi pẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìpanu. Lẹ́yìn wákàtí méjì, èrò lè gba owó rẹ̀ padà. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀. Owó gbà-máà-bínú, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 25 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì (ìdá 30 fún ìrìn-àjò sókè òkun), ìfagilé ni wọ́n kọ ọ́ sí lára, gẹ́gẹ́ bí ti Yúróòpù kí ẹjọ́ Sturgeon tó wáyé. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún èrò ní Ìkẹjà pé bàálù aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti di ti àárọ̀ ọ̀la, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: ìdádúró ni àbí ìfagilé? Ìwé yẹn, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, ni yóò kọ́kọ́ kó lọ bá ilé-iṣẹ́ náà, kó tó gbé e dé ọ́fíìsì NCAA.