Ìhun Ìṣòro àti Ojútùú nínú Àròkọ Ajẹmọ́-Ìṣípayá: Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìtàn Àkọtọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ N.C.E. kọ àròkọ lórí ìṣòro kan àti ọ̀nà àbáyọ, ohun tó sábà máa ń rí gbà kò ṣàjèjì sí wa. Ìpínrọ̀ mẹ́ta yóò ka ìṣòro sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpínrọ̀ ìkẹyìn yóò sì ní kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i. Ta ni ìṣòro náà ń dà láàmú? Kí ló fà á? Kí ni a ti ṣe sí i rí? Àròkọ náà kò sọ. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ohun tó wà láàárín ìṣòro àti ojútùú gan-an ló yẹ kí á máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. A ó lo ìtàn àkọtọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ojútùú ibẹ̀ ni gbogbo wa fi ń kọ̀wé lónìí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ àti ìpàdé ọdún 1875

John Raban wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi lẹ́tà Róòmù kọ Yorùbá ní Sàró ní àwọn ọdún 1830. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ìṣòro kan náà ló dojú kọ wọn: àwọn ìró kan wà nínú èdè wa tí lẹ́tà Róòmù kò ní àmì fún. Bí a bá kọ "ojo" lásán, òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá òjò ni, ọjọ́ ni, ojo ni, tàbí Òjó. Ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé kò dọ́gba, oníkálukú ń kọ ọ́ bó ṣe yé e. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè kọsẹ̀ nínú ìwé tí òmíràn kọ.

Ní ọdún 1875, ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọtọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, tó ń fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ni ìpìlẹ̀ ohun tí a lò títí di àwọn ọdún 1960. Síbẹ̀, ojútùú náà nìkan kọ́ ló ṣeé ṣe. Ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ìró tí àwa ń kọ ní ẹ àti ọ. Ìṣòro kan náà ni, ojútùú méjì. Nítorí náà, àròkọ tó péye gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí a fi mú ọ̀kan, tí a sì fi èkejì sílẹ̀.

Ojútùú tó ṣẹ́ ìṣòro kù

Àkọtọ́ àtijọ́ ní àbùkù tirẹ̀. Nínú "aiye" àti "nwọn", lẹ́tà tí ẹnu kò pè wà níbẹ̀. Nínú "õrun", fáwẹ̀lì méjì tí ẹnu pè di ẹyọ kan. Ní ọdún 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá, ó tọ́ka sí irú àbùkù báyìí, ó sì dábàá àtúnṣe. Ní ọdún 1966, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí rẹ̀. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ J.C.C.E. fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí: ayé, wọ́n, oòrùn.

Ṣùgbọ́n a ṣì ń rí "Offa" àti "Ebute Metta" lórí pátákó, "aiye" àti "nwọn" sì wà nínú àwọn Bíbélì àtijọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fífọwọ́ sí ojútùú yàtọ̀ sí pé kí ó wọlé sí àwọn ènìyàn lára.

Ohun tí olùkọ́ lè fi ṣe

Ìtàn yìí fún wa ní ìbéèrè márùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn: ta ni ìṣòro náà kàn? Kí ni okùnfà rẹ̀? Ojútùú mélòó ló ṣeé ṣe, kí ló sì dé tí a fi yan èyí? Ta ni yóò ṣe é? Kí ni yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó ń so wọ́n pọ̀ náà ṣeé kọ́ ní kíláàsì: "ìdí rẹ̀ ni pé", "láti yanjú èyí", "àbájáde rẹ̀ ni pé", "síbẹ̀". Olùkọ́ lè kọ "nwọn" sí ojú pátákó, kí ó ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan tó sọ àbùkù inú rẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó lo ọ̀rọ̀ náà "gbọ́dọ̀".

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni olùkọ́ ọ̀la. Bí wọn kò bá lè ya okùnfà ìṣòro kúrò lára ohun tí ojú rí nínú àròkọ olójú ewé méjì, báwo ni wọn yóò ṣe mọ ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ kan lè kàwé ní kíláàsì wọn? Ọ̀pọ̀ wọn yóò kàn ní olódo ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà.