Ìwádìí Tó Gbéra ní Ìmèsí-Ilé

Ẹ bi màmá yín léèrè bóyá káàdì tí wọ́n fi ń gbé yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣì wà nínú àpótí wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀, ibì kan wà tí nọ́ọ̀sì ti ń sàmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, tí àmì yẹn á sì di ìlà tó ń gòkè. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé òkè òkun ni wọ́n ti ronú rẹ̀ wá. Rárá o. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti gbéra.

Àwa tá a ti gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ lọ́dún 1886, mọ orúkọ Ìmèsí-Ilé. Ṣùgbọ́n ogun mìíràn tún jà níbẹ̀ tí kò la ìbọn lọ: ikú ọmọdé. Láyé ìgbà yẹn, bí ìyá kan bá sin ọmọ méjì, mẹ́ta, ohun tí aráyé máa sọ ni pé àbíkú ni.

Lọ́dún 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó lè jókòó síbẹ̀ kó máa ka àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wọlé. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ọmọ tó kú sílé kò sí nínú ìwé dókítà. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi lọ sí Ìmèsí-Ilé, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ àìsàn tó ṣe wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ń bi àwọn ìyá léèrè ọ̀rọ̀. Tí àwọn ìyá yẹn ò bá ṣílẹ̀kùn, kí ni wọn ì bá rí kọ?

Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro lóye. Àwọn àìsàn bíi mélòó kan tó ṣeé dènà tàbí tó ṣeé tọ́jú ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ: èèyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, òtútù àyà. Ọmọ tí kò jẹun kánú ni wọ́n sì tètè ń gbé lọ. Wọ́n tún rí i pé ìwọ̀n ọmọ máa ń dúró sójú kan kí ojú tó rí i pé ó ń rù. Bí káàdì ṣe dé nìyẹn. Wọn ò sì tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá ló ń gbé e lọ sílé. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá nítorí ìwé ẹ̀rí nìkan. A da ìbéèrè àwọn tó ṣáájú wa kọ, a jókòó sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, a sì fọwọ́ ara wa dáhùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ omi ò yọ ládùúgbò tá à ń gbé.

Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ó lọ́nà tí wọ́n ń gbà bèèrè. Ẹ mú ìbéèrè kékeré tó ṣeé dáhùn. Ẹ fi “Kí ló dé tí ìlú ò dára?” sílẹ̀, ẹ bèèrè pé “Ọjọ́ mélòó lóṣù ni ẹ̀rọ omi wa ń ṣiṣẹ́?” Ẹ kà á fúnra yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà tí kì í lè wá sípàdé àdúgbò, torí òun gan-an lomi ọ̀hún ń dà láàmú jù. Paríparí rẹ̀, ẹ dá èsì padà fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀, lédè tí wọ́n gbọ́.

Ìyá ló ni ọmọ. Ìmèsí-Ilé kọ́ wa pé ìyá náà ló yẹ kó ni ìwé.