Ẹni Tó Sọ Ìkùukùu Lórúkọ ní Tottenham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Bruce Grove kọjá lọ ra iṣu ní Tottenham, ilé kan wà níbẹ̀, Nọ́ńbà 7. Wọ́n lẹ àmì róbótó aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn pé ibẹ̀ ni Luke Howard, ẹni tó sọ ìkùukùu lórúkọ, gbé, ibẹ̀ náà ló sì kú sí lọ́dún 1864.

Ẹ má rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni o. Oògùn ló ń ṣe tó ń tà. Iṣẹ́ ajé ló ń gbé e jáde láàárọ̀ bíi tiwa, ìgbà tó bá ráyè ló ń wojú sánmà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ ti fún ewéko àti ẹranko lórúkọ, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ohun tí kì í dúró lójú kan lórúkọ? Kó o tó ní kí ẹnìkejì rẹ wò ó, ó ti di nǹkan mìíràn.

Ní December 1802, ó ka àpilẹ̀kọ kan fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní London. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni. Ó ní bó ti wù kí ìkùukùu máa yí padà tó, ìrísí rẹ̀ ò pọ̀. Látìn ló fi sọ wọ́n lórúkọ: cirrus, èyí tó rí bí irun tó lọ́, cumulus, òkìtì, stratus, èyí tó tẹ́ bí ẹní, nimbus, tòjò. Lọ́dún yẹn kan náà, Lamarck ní Faransé fún wọn lórúkọ tiẹ̀, kò ta létí ẹnikẹ́ni. Ti Howard la ṣì ń lò. Goethe, akéwì ńlá ará Jámánì, kọ ewì yìn ín. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rò pé ẹnìkan fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. (Ẹ̀yin tí àwọn yahoo ti fi ìméèlì dààmú, á yé yín.)

Èyí tó wọ̀ mí lára jù rèé: ó fún èyí tó ṣì ń yí padà lọ́wọ́ náà lórúkọ tirẹ̀. Cirrus tó ti ń tẹ́ àmọ́ tí kò tíì tẹ́ tán, cirro-stratus ló pè é. Kò dúró dìgbà tó bá parí.

Àwa ńkọ́? Òjò ṣú, sánmà mọ́. Ohun tó máa gbẹ̀yìn ẹ̀ la ń bèèrè, torí ìyá tó sá èlùbọ́ síta ò ráyè ìrísí. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń bi ara wa: ṣé ìwé ìgbélùú ti jáde? Ṣó o ti rí iṣẹ́ gidi? Ọdún kẹrin mi lẹ́nu PhD rèé, "Ṣó o ti parí?" ni ìkíni mi láti ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Mọ́mì pè, mo ní, "Mọ́mì, mo wà ní cirro-stratus báyìí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní kí ló dé tí mo kó kúrò nílé tí mo wà tẹ́lẹ̀ láìsọ fáwọn.