Ìṣápá: Láti Oko Dé Inú Ife

Níbi ìkórè ọdọọdún, níbi ìdúpẹ́ tàbí níbi àsè ìgbéyàwó, ó ṣọ̀wọ́n kí a má rí ìgò sóbò láàárín àwọn ohun mímu tí a gbé kalẹ̀. Àwọ̀ pupa rẹ̀ àti kíkan rẹ̀ dùn mọ́ tọmọdé tàgbà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń mu ún ni kò mọ̀ pé ìṣápá tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí ni. Irúgbìn wo gan-an ni ìṣápá? Báwo ni a ṣe lè sè é kí ó ṣe wá láǹfààní? Ǹjẹ́ òótọ́ sì ni ohun tí àwọn kan ń sọ, pé ẹni tí ń mu sóbò kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́?

Ìbátan Ilá àti Òwú

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún ìṣápá ni Hibiscus sabdariffa. Inú ìdílé kan náà ni òun àti ilá, òwú, kòkó àti obì wà. Bí ẹ bá fi òdòdó rẹ̀ wé ti ilá, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra gan-an.

Ohun tí a ń pè ní òdòdó sóbò kì í ṣe òdòdó náà fúnra rẹ̀. Òdòdó ìṣápá kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó rọ. Lẹ́yìn tí ó bá ti rẹ̀ dànù ni èèpo tí ó gbé e ró yóò máa nípọn sí i, tí yóò sì bo àpò tí irúgbìn wà nínú rẹ̀. Èèpo yìí ni a ń ká. Oríṣi pupa ni a ń sá gbẹ fún sóbò, oríṣi funfun ni a sì sábà fi ń se ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, tí wọ́n ń pe èèpo gbígbẹ náà ní zobo, ni orúkọ sóbò ti wọ èdè wa.

Bí Ó Ṣe Ń Dàgbà

Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni a máa ń gbin ìṣápá. Kò fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí. Gígùn ọjọ́ ni ó ń darí rẹ̀: nígbà tí ojúmọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ní nǹkan bí oṣù September sí October, ni ó máa ń yọ òdòdó. Ìdí nìyí tí èyí tí a pẹ́ gbìn fi máa ń yọ òdòdó nígbà tí igi rẹ̀ ṣì kéré, tí kì í sì í so púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ká ohun tí ó tó kó sínú àpò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ òjò kọjá lọ.

Kò sí èyí tí ó ṣòfò nínú rẹ̀. A ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Ní Burkina Faso, wọ́n máa ń se irúgbìn rẹ̀, wọn a sì bò ó títí yóò fi kan, láti fi ṣe èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bikalga, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ bí irú ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọbẹ̀ wa.

Ìrìn Àjò Rẹ̀ Káàkiri Ayé

Ní ilẹ̀ Íjíbítì àti Sudan, karkade ni wọ́n ń pe ohun mímu yìí. Ní Senegal, bissap ni. A gbọ́ pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni wọ́n mú irúgbìn rẹ̀ dé ìhà kejì òkun. Ní ọdún 1707, wọ́n ti ń gbìn ín ní Jamaica, níbi tí ó ti di ohun mímu ọdún Kérésìmesì títí di òní, lábẹ́ orúkọ náà sorrel. Ní ìpínlẹ̀ Maranhão ní Brazil, ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń se cuxá, èyí tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì.

Bí A Ṣe Ń Sè É

Ẹ ṣa ìdọ̀tí kúrò lára ìṣápá gbígbẹ tí ó tó ife méjì, kí ẹ sì yára fi omi ṣàn án kí iyanrìn lè kúrò. Bí ó bá pẹ́ nínú omi, àwọ̀ rẹ̀ yóò bá omi náà lọ. Ẹ dà á sínú omi tí ó tó lítà mẹ́ta, kí ẹ fi atalẹ̀ tí a gún àti kànáfùrù díẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹni tí ó fẹ́ mu ún bíi tíì lè fi ṣíbí kan sínú ife omi gbígbóná, kí ó dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìkòkò tánganran tàbí ti irin tí kì í dípẹtà ni ó dára jù, nítorí pé ohun kíkan máa ń jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù, èyí yóò sì wọ inú ohun tí a sè. Ẹ fi omi tí ó mọ́ sè é, kí ìgò rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìjì. Bí ó bá ń hó kùṣùkùṣù nínú ìgò tàbí tí òórùn rẹ̀ yí padà, ẹ dà á nù. Àwọn tí ń tà á nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nílò ìṣọ́ra yìí jù lọ, nítorí pé ìgò tí ó bà jẹ́ lè kó àìsàn bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ńkọ́?

Ìwádìí ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àgbàlagbà 65 jáde. Ìfúnpá àwọn ènìyàn wọ̀nyí ga díẹ̀, wọn kò sì lo oògùn fún un. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn kan ń mu ife ìṣápá mẹ́ta lójúmọ́, mílílítà 240 nínú ife kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ń mu ohun mìíràn tí a ṣe kí ó jọ ọ́. Nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá àwọn tí ó mu ìṣápá fi nǹkan bí 7 dín kù, ti àwọn yòókù sì fi nǹkan bí 1 dín kù.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ààlà rẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 180 kò lè gbára lé ohun tí ó ń fi 7 dín in kù. Bí ó bá pa oògùn rẹ̀ tì, àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn tàbí àrùn kíndìnrín lè dé láìròtẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ẹ̀jẹ̀ ríru lára. Bákan náà, sóbò tí a da ṣúgà púpọ̀ sí kò dára fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti sọ fún dókítà rẹ̀ bí ó bá ń mu sóbò lójoojúmọ́, nítorí àwọn méjèèjì pa pọ̀ lè mú kí ìfúnpá lọ sílẹ̀ jù. Aboyún pẹ̀lú ní láti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó mu ún. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Sudan, tí ó jáde ní ọdún 1994, tún fi hàn pé bí a bá fi ìṣápá mu oògùn chloroquine, ìwọ̀n oògùn náà tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù. Omi lásán ni kí a máa fi lo oògùn.

Ìjọ tí ó bá ní nọ́ọ̀sì láàárín rẹ̀ lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìsìn láti wọn ìfúnpá àwọn ọmọ ìjọ. Níbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mu ife sóbò tí kò ní ṣúgà, kí ó sì mọ nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó padà sílé.