Agogo Iná Dún ní 4:12

Aago Àbújá ni mo fi ka gbogbo wákàtí inú ìtàn yìí. Dúbáì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, fi wákàtí mẹ́ta ṣíwájú wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010. Ààwẹ̀ ti kù díẹ̀ kó parí.

12:35 ọ̀sán. Bàálù akẹ́rù kan ti Hong Kong dé, ó balẹ̀ sí Dúbáì. Boeing 747 ti ilé-iṣẹ́ UPS ni. N571UP ni wọ́n kọ sí i lára. Kò gbé èrò kankan. Ibi tí ìjókòó ì bá wà, àpótí ẹrù ni wọ́n tò síbẹ̀ láti iwájú dé ìdí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n kó àwọn kan sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó òmíràn rọ́pò wọn. Àwọn tó wà ní apá iwájú lókè, nítòsí yàrá awakọ̀, wà bí wọ́n ṣe wà láti Hong Kong.

Nǹkan bí aago kan. Ní Àbújá, ìrun Jímọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀. Bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà. Ní Banex, ní Wuse 2, àwọn tó ń tún fóònù ṣe tí wọn kò lọ kírun jókòó ti tábìlì wọn. Bí wọ́n bá yọ bátìrì fóònù Nokia, wọn a gbé e lélẹ̀ lórí tábìlì, wọn a fi ìka ta á. Èyí tí kò bá yí ṣì dára. Èyí tó bá ń yí bí òkòtó, ó ti wú níkùn nìyẹn. Wọn a jù ú sínú páálí lábẹ́ tábìlì, wọn a sì mú òmíràn.

Aago mẹ́ta kọjá. Àwọn awakọ̀ tuntun wọ bàálù náà ní Dúbáì. Méjì péré ni wọ́n. Ọ̀gá jẹ́ ẹni ọdún 48, igbákejì rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 38. Cologne ní Jámánì ni wọ́n ń lọ. Ìwé ẹrù wà lọ́wọ́ wọn. Kò síbi tí ìwé náà ti kìlọ̀ nípa ohun tó wà nínú àwọn àpótí iwájú wọ̀nyẹn.

3:51. Bàálù gbéra. Ní Dúbáì oòrùn ti wọ̀, wọ́n ti ṣínu. Ní Àbújá, àkókò alásàárì ni, ìṣínu ṣì jìnnà. Bàálù dorí kọ ojú òkun, ó ń gòkè. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ó ti ń sún mọ́ 32,000 ẹsẹ̀ bàtà.

4:12. Agogo dún nínú yàrá awakọ̀.

Iná ni ó wí. Iná ní apá iwájú, lókè, níbi tí ẹrù wà. Ọ̀gá di ọkọ̀ mú, igbákejì ṣí ìwé ìlànà. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú ní Bahrain ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn. Bahrain ní Doha wà ní nǹkan bí 100 máìlì sí wọn, ṣé ó súnmọ́ tó? Ọ̀gá ní Dúbáì lòun máa padà sí. Dúbáì jìnnà ju Doha lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá a lẹ́jọ́ lórí gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú tó sọ ọ́, agogo lásán ló gbọ́. Kò tíì rí èéfín.

Kò sí omi lókè níbẹ̀, kò sí oògùn apaná. Ohun tí ìwé ìlànà wí ni kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí 25,000 ẹsẹ̀ bàtà, kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ibi ẹrù dínkù. Iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí á kú. Bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn. Wọ́n fi ìbòjú ọ́síjìn bojú.

4:15. Ọ̀gá fa ọ̀pá ìdarí. Imú bàálù kò dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Àwọn wáyà irin tó so ọ̀pá náà mọ́ ìrù bàálù gba òkè àjà kọjá, lókè ibi tí ohun kan ti ń jó. Irin tó dì wọ́n mú ti ń tẹ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí agogo dún.

4:16. Èéfín wọlé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí yàrá awakọ̀ kí èéfín má bàa ráyè. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Èéfín ṣú. Wọn kò rí aago gíga, wọn kò rí aago eré. Bọ́tìnnì rédíò wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó, ṣùgbọ́n ojú kò rí nọ́ńbà orí rẹ̀ mọ́. Wọn kò lè yí i kúrò lórí ìkànnì Bahrain sí ti Dúbáì. Orí Bahrain ni rédíò wà títí dé òpin, bẹ́ẹ̀ Bahrain ń jìnnà sí wọn.

4:19. Ọ́síjìn ọ̀gá dáwọ́ dúró. Ooru ti ba ọ̀nà tó ń gbà wá jẹ́. Ó sọ fún igbákejì rẹ̀. Igbákejì kò rí nǹkan kan tó lè fún un.

4:20. Ọ̀gá dìde. Agolo ọ́síjìn kan wà lẹ́yìn ìjókòó, tí ènìyàn lè gbé dání. Ó lọ wá a nínú èéfín. Kò padà wá.

Ohun tó tẹ̀ lé e gùn tó ogún ìṣẹ́jú. Igbákejì nìkan ló kù. Ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ wà ṣì ń gbọ́ràn, òun ló gbójú lé. Kò lè bá Dúbáì sọ̀rọ̀, nítorí náà àwọn bàálù mìíràn tó wà lójú ọ̀run ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń fi jíṣẹ́, wọ́n ń gba èsì bọ̀. Ó ń bèèrè bí òun ṣe ga tó. Ó ń bèèrè bí òun ṣe ń sáré tó. Ó ń bèèrè ibi tí òun dorí kọ. Gbogbo ohun tó ń bèèrè ló wà níwájú rẹ̀, kò jìnnà sí imú rẹ̀.

4:38. Dúbáì ti dé. Bàálù ga jù, ó sì ń sáré jù. Igbákejì fa ohun tó ń sọ táyà kalẹ̀. Táyà kò jáde. Bàálù gba orí pápákọ̀ kọjá pẹ̀lú gbogbo iná tí wọ́n tàn sílẹ̀ dè é. Wọ́n ní pápákọ̀ Sharjah wà lápá òsì rẹ̀, ní nǹkan bí máìlì mẹ́wàá. Ó gbà. Ó fẹ́ yí ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ wà sí ìwọ̀n 095, ọ̀nà Sharjah. 195 ló wọlé. Bàálù yí sí ọ̀tún.

4:41. Ó já lulẹ̀ sórí iyanrìn, nínú ọgbà àwọn ológun, níhà gúúsù ìlú. Ilé tí ènìyàn ń gbé kò jìnnà. Ẹnikẹ́ni kò kú nílẹ̀. Àwọn méjèèjì tó wà nínú bàálù kú. Láti ìgbà tí agogo dún, ìṣẹ́jú 29 ni.

Ní Àbújá, àwọn tó ń ta èso ti ń gé bàrà olómi fún àwọn tó máa ṣínu. Ní Banex, bátìrì ń yí lórí tábìlì.

Oṣù Keje ọdún 2013 ni àjọ ìrìnnà òfuurufú ti United Arab Emirates gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Bátìrì lítíọ́mù tó ju 81,000 lọ ló wà nínú ẹrù náà. Irú èyí tó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú ẹrù wọ̀nyẹn tó kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù eléwu, wọn kò kọ ọ́. Èròjà méjì ló wà nínú bátìrì bẹ́ẹ̀ tí kò gbọdọ̀ fara kanra. Awọ tín-ín-rín ló là wọ́n. Bí awọ náà bá bàjẹ́, ooru ń bí ooru, bátìrì kan á ran èkejì, afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá dù ú kò ní kí ó dúró. Wíwú tí àwọn ará Banex ń wò lórí tábìlì, afẹ́fẹ́ tí bátìrì náà ti ń pọ̀ sínú ara rẹ̀ ni.

Irú bátìrì kan náà ni wọ́n kì bọ inú sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní vape. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ rí bíi páìpù tóóró. Bátìrì tó bá wú níbẹ̀ kò ríbi fẹ̀ sí. Orí tàbí ìdí ló ń gbà jáde, bí ọta ìbọn. Láti 2009 di 2016, àwọn panápaná ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka 195 irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè wọn. Nínú 61, inú àpò aṣọ ló wà nígbà tó bú. Ní oṣù Kẹjọ 2014, ọ̀kan gbiná nínú báàgì tí wọ́n ti kó sí ikùn bàálù ní Boston, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2015, ní Los Angeles, wọ́n bá báàgì kan tó ń jó ní yàrá ẹrù. Ó pẹ́ dé ni, bàálù tó yẹ kó bá lọ ti gbéra.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ICAO, àjọ ìrìnnà òfuurufú àgbáyé, ní kí ẹnikẹ́ni má fi vape sínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn bàálù mọ́. Ọwọ́ ni kí wọ́n mú un dání, níbi tí ojú á ti rí i bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2016, wọ́n tún fòfin de kíkó irú bátìrì lítíọ́mù tó ń gba iná padà bí ẹrù títà nínú bàálù èrò. Ọmọ Nàìjíríà, Olumuyiwa Benard Aliu, ló jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ àjọ náà nígbà tí wọ́n ṣe òfin méjèèjì.

Láìpẹ́ yìí mo tò sórí ìlà ní pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níwájú mi ti fa vape rẹ̀ tán níta, mo rí i nígbà tó tì í bọ àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀ ńlá, tó fa síìpù dé e. Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà gbé báàgì náà sórí ìwọ̀n. Kilo 21. Ó bi í bóyá power bank wà níbẹ̀, bóyá bátìrì, bóyá vape. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀.

Ó ní kò sí.

Obìnrin náà lẹ ìwé mọ́ ọwọ́ báàgì. Rọ́bà gbé e, ó wọlé lọ.