Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní Abidjan: Ṣé kẹ̀kẹ́ ni àbí alùpùpù? Ohun tí ìtàn òfin ìrìnnà fi hàn

Ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní Abidjan lónìí ti ra ohun tó lè gbé e láti Treichville dé Plateau láì ra epo bẹntiróòlù rárá. Kò ní dúró de bọ́ọ̀sì, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti ra ìbéèrè kan mọ́ ọn: kí ni òfin ń pe nǹkan yìí? Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ lásán, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìwé ìwakọ̀. Bó bá sì jẹ́ alùpùpù, ọ̀rọ̀ ìwé ìwakọ̀, nọ́ḿbà ọkọ̀ àti adójútòfò ti wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ti dé ilẹ̀ wa ni ìjọba ti ń wá orúkọ tí wọn yóò fún un, àti owó tí wọn yóò gbà lórí rẹ̀.

Ìlú tí a kọ́ fún mọ́tò

Orí omi ni Abidjan wà. Ọ̀sà Ébrié ló ya Plateau, tí ilé iṣẹ́ ìjọba àti báńkì wà, kúrò lára Treichville, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣe ilé. Àwọn ará Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń rìnrìn àjò lọ sí Côte d'Ivoire, débi pé kì í ṣe ohun tuntun láti gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà Ẹjìgbò. Ànàgó ni àwọn ará Abidjan ń pè wọ́n.

Ní 1934 ni Abidjan di olú-ìlú. Ní 1957, wọ́n ṣí afárá Houphouët-Boigny, tí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò jọ ń gbà. Afárá Charles de Gaulle tẹ̀lé e ní 1967, afárá Henri Konan Bédié sì tẹ̀lé ìyẹn ní 2014. Ní 1960, ọdún tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira, ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì SOTRA sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré àwọn aládàáni, àti wôrô-wôrô, takisí tí èrò jọ ń wọ̀.

Nínú gbogbo ètò yìí, mọ́tò ni ìjọba fi sọ́kàn. Ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló gba ìgboro. Ti Abidjan kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ gba orí afárá rẹ̀ ń bá gbaka àti ọkọ̀ akẹ́rù du ojú ọ̀nà kan náà ni.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń san owó orí

Àwọn kan lè rò pé kẹ̀kẹ́ kò ní òfin kankan rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1893, ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí kẹ̀kẹ́ nílé wọn. Wọ́n ń fún ẹni tó bá san án ní irin pẹlẹbẹ kékeré tí yóò so mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní 1958 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Títí di òní, àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ṣì sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlàńkẹ́ ní ìwé àṣẹ.

Nígbà yẹn, owó ni ìjọba ń wá. Ọ̀rọ̀ ààbò kò tíì le, nítorí pé agbára ẹsẹ̀ ẹni ló ń wa kẹ̀kẹ́.

Mobylette da ọ̀rọ̀ rú

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1949, ilé iṣẹ́ Motobécane ní Faransé gbé Mobylette jáde: ó ní pẹ́dàlì bíi kẹ̀kẹ́, ó sì tún ní ẹ́ńjìnì kékeré. Kò pẹ́ tó fi gbilẹ̀ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ló ń gùn ún.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́, kò sì tíì di alùpùpù. Òfin wá dá ìpele kan sílẹ̀ fún un láàárín méjèèjì, ìwọ̀n ẹ́ńjìnì ni wọ́n sì fi pààlà: sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta 50.

Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó, tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1968, kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ni ohun tó jẹ́ pé agbára ara ẹni tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń wà á. Ó ní irú Mobylette ni ohun tó ní ẹ́ńjìnì tó ń jó epo, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 50 lọ, tí eré rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ. Côte d'Ivoire wọ àdéhùn náà ní 1985. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 2018.

Ẹ wá wo ibi tí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì bọ́ sí. Agbára ara nìkan kọ́ ló ń wà á, nítorí náà kò bá ìtumọ̀ kẹ̀kẹ́ mu. Kò ní ẹ́ńjìnì tó ń jó epo, nítorí náà kò bá ti Mobylette mu. Àárín ìlà méjì ló já sí.

Báwo ni àwọn orílẹ̀-èdè míì ṣe sọ ọ́ lórúkọ?

Èrò láti fi iná mànàmáná wa kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tuntun. Ní ìparí 1895, Ogden Bolton gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lórí ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ bátìrì ìgbà náà wúwo, kò sì lè lọ jìnnà.

Ní 1993, Yamaha gbé èyí tí wọ́n ń pè ní PAS jáde ní Jàpáànì. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Ó máa ń wọn agbára tí ẹsẹ̀ fi tẹ pẹ́dàlì, yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí òfin Jàpáànì fi gbà á ní kẹ̀kẹ́.

Ọgbọ́n yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù mú lò ní 2002. Bí agbára ẹ̀rọ kò bá ju wáàtì 250 lọ, tó ń dáwọ́ dúró bí ẹsẹ̀ bá dáwọ́ dúró, tí kì í sì í ranni lọ́wọ́ mọ́ bí eré bá dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kúrò ní kẹ̀kẹ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fara jọ èyí, wọ́n kàn fi kún un pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ gùn ún.

Amẹ́ríkà fàyè gba agbára tó pọ̀ ju ti Yúróòpù lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní 2002 gba ẹ̀rọ tí kò tó wáàtì 750. Ṣáínà ní tirẹ̀ gbé ìlànà kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, tó sọ nígbà náà pé pẹ́dàlì gbọdọ̀ wà, eré kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 25 lọ, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kílò 55 lọ.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kálukú wọn wo ilé tirẹ̀ kó tó sọ nǹkan yìí lórúkọ.

Ibi tí bàtà ti ń ta ará Abidjan lẹ́sẹ̀

Òfin kan wà tí kò bèèrè bóyá epo ni tàbí iná. Òfin adójútòfò CIMA ni, tí Côte d'Ivoire, Benin, Togo àti àwọn orílẹ̀-èdè míì jọ ń lò. Ní 1992 ni wọ́n bu ọwọ́ lu àdéhùn rẹ̀ ní Yaoundé. Ó sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ni ọkọ̀ orí ilẹ̀ tó ní ẹ̀rọ ra adójútòfò nítorí ẹlòmíì tó lè ṣèṣe.

Ohun tó wà nínú ewu nìyí. Ká ní ẹnìkan gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó ń dá sáré láì fẹsẹ̀ wà á, tó sì kọlu ọmọdé lẹ́bàá ọjà Adjamé. Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Bí olówó kẹ̀kẹ́ bá ti rò pé kẹ̀kẹ́ lásán lòun rà, kò ní adójútòfò kankan. Àpò tirẹ̀ ni owó náà yóò ti jáde, bí àpò ọ̀hún bá gbà á.

Ìtàn tún fi hàn pé ohun tí òfin bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù, ìfòfindè ló sábà máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Ní Èkó, ọ̀kadà gbilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kejì 2020, tí wọ́n sì tún fòfin dè é pátápátá ní mẹ́fà kan náà ní oṣù kẹfà 2022. Ọ̀pọ̀ tó fi ń jẹun ló bọ́ sí ìgboro.

Ní Benin àti Togo, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà. Láti 2022 ni zémidjan tó ń lo bátìrì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Spiro báyìí ló gbé wọn wọlé. Awakọ̀ yóò yà sí ibùdó, yóò fi bátìrì tó ti tán sílẹ̀, yóò gbé èyí tó kún. Kò sí àríyànjiyàn lórí orúkọ: alùpùpù ni wọ́n.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ ra á yẹ̀ wò?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Èyí tó jẹ́ wáàtì 250, tó ní pẹ́dàlì tí kì í sì í dá sáré, súnmọ́ kẹ̀kẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Èyí tí ẹ óò kàn fọwọ́ yí bíi ti ọ̀kadà, tó sì ń sáré kìlómítà 45, ẹ kà á sí alùpùpù: ẹ bèèrè ìwé rẹ̀, ẹ sì lọ bá àwọn adójútòfò kí ẹ tó gbé e sójú títì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ dé àṣíborí, ì báà jẹ́ èyí tó wù kó jẹ́.

Iná tó ń jẹ kò pọ̀. Bátìrì fóòtì 36 tó jẹ́ ampere-wákàtí 10 kò gbà ju wáàtì-wákàtí 360 lọ, ìyẹn kò tó ìdajì yúníìtì kan lórí mítà. Ṣùgbọ́n ẹ má ra bátìrì tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Ní New York, iná tí irú bátìrì lithium bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ pa èèyàn 18 ní 2023. Ní ọdún kan náà ni òfin ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀rí àyẹ̀wò ààbò lórí èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ tà. Ẹ má fi í gba iná mọ́jú nínú yàrá tí ọmọ ń sùn, ẹ má sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ óò gbà sá jáde.

Èyí tó kù kọjá agbára ẹni tó ń ra kẹ̀kẹ́. Ìjọba nìkan ló lè kọ ìwọ̀n wáàtì àti eré sínú òfin ní kedere, tí yóò sì wá àyè fún ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì lórí afárá. Ó sàn kí wọ́n ṣe é nísinsìnyí tí kẹ̀kẹ́ náà kò tíì pọ̀ ju kí wọ́n dúró di ọjọ́ tí wọn yóò máa kó o kúrò lójú títì.